Ìkànpákó Mẹ́ta Tí Màmá Rán Mi Lọ Wò ní Àkírà

Ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, màmá mi àgbà na ìka sí rédíò, wọ́n ní, “Irọ́ ni. Okùn ló já.” Aago ara ògiri wà lọ́kàn-án-kán mi, òun ni mo fi mọ àkókò náà dájú. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, èyí tí mo bá rí, màá ní mo rí i. Èyí tí wọ́n bá sọ fún mi, màá ní wọ́n sọ ọ́.

Kúdẹtì ni ilé wa wà. Màmá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ gbogbo àdúgbò ló ṣì ń pè wọ́n ní Màmá Tíṣà. Lọ́jọ́ náà, Dádì Èkó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá láti Èkó pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ṣófo. Báàgì náà wà lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fún ní àga. Aṣọ Màmá ni Dádì Èkó fẹ́ kó sínú rẹ̀, kí Màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Èkó. Wọ́n ní Màmá ti dàgbà jù fún ẹni tó ń dá gbé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ kan tí kò níṣẹ́. Màmá gbé kẹ́tùlù kaná títí omi fi gbẹ, Màmá sì ti pè mí ní orúkọ bàbá mi. (Ìyá tó bí mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbé báàgì wá fún un.)

Rédíò ń kọ orin jáàsì, bó ṣe máa ń rí nílé wa lẹ́yìn ìsìn. Màmá fẹ́ràn àwọn onígìtá jáàsì ju gbogbo olórin yòókù lọ. Onígìtá ọjọ́ náà jẹ́ bàbá kan ní Àkírà, olú ìlú Gánà, Kwamina lorúkọ rẹ̀. Láàárín orin, gìtá dákẹ́, ẹnì kan sì kan pákó: kó, kó, kó. Gìtá tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin parí, olóòtú ètò ṣàlàyé pé ìlẹ̀kùn àwọn baba ńlá rẹ̀ ni onígìtá náà máa ń kàn. Ibẹ̀ ni Màmá ti ní irọ́ ni.

“Okùn wo ló já, Màmá?” Dádì Èkó bi wọ́n.

“Okùn gìtá mi. Èmi ni mo kọ́ Kwamina ní gìtá, nínú pálọ̀ yìí. Àdúgbò Àrẹ̀mọ níbí ni bàbá ẹ̀ ti ń rán bàtà. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù já, a ò rí òmíràn rà ní gbogbo Ìbàdàn, mo wá ní kó máa kan pákó gìtá níbi tí okùn yẹn ì bá ti dún, kí àyè má baà ṣófo. Òun ló wá sọ di baba ńlá.”

Dádì Èkó wò mí, ojú wọn ní, ṣé o rí i?

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó wà nínú rédíò báyìí?”

“Ẹyọ kan péré ni mo kọ́.”

“Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àlùfáà ìjọ.”

“Àlùfáà? Mo kọ́ ọ. Ìṣirò kì í yé e.”

Òótọ́ ni ìyẹn, mo ti rí fọ́tò kíláàsì náà. Ṣùgbọ́n Dádì Èkó ti dìde. Wọ́n ní, “Ó dáa. Bí ọkùnrin yẹn bá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, mo gbé báàgì mi padà sí Èkó, n ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ká tó ṣe Kérésìmesì, ẹ ti wà lọ́dọ̀ mi.”

Màmá yíjú sí mi. “Dèjì, o gbọ́.”

“Mo gbọ́, mà.”

“O ò níṣẹ́.”

“N ò níṣẹ́, mà.”

“O ti níṣẹ́ báyìí.”

Kútọnu

Àádùn Ọjà'ba ni Màmá di sínú ewé fún mi láti gbé lọ fún un. Wọ́n ní nígbà tó wà lọ́mọdé, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi: “Má dọ̀bálẹ̀ fún un o. Má sì pè é ní ‘wọ́n’. Ọmọ kíláàsì mi ni.” Mo ń tẹ̀ lé àṣẹ yìí nínú àkọsílẹ̀ mi, bí ara ò tilẹ̀ rọ̀ mí, nítorí pé ọkùnrin náà ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ.

N kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí kó tó di ìgbà náà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa ilẹ̀ òkèèrè ni pé wọn kò mọ àádùn níbẹ̀. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní òdì-kejì ibodè tú ewé náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, òun náà gbóòórùn rẹ̀. Mo fi Faransé tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ṣàlàyé pé oúnjẹ ni. Wọ́n ní kí n jẹ nínú rẹ̀ níṣojú àwọn. Mo jẹ ẹ́. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀ bóyá nǹkan máa ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí, ni àwọn náà bá tọ́ ọ wò. Ìwádìí wọn jinlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, ìdajì àádùn ló kù.

Ní Kútọnu, ebi ń pa mí, ojú sì ń tì mí. Mo dúró lẹ́yìn ìyá kan tó ń ta oúnjẹ, mo ń to gbólóhùn Faransé kan sí ọkàn mi. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá náà fara balẹ̀ gbọ́ mi, bí a ṣe máa ń gbọ́ ọmọdé tó ń ka Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè.

“Ẹ̀kọ lẹ fẹ́, àbí ìrẹsì?” ó bi mí ní Yorùbá tó dùn ju tèmi lọ. Ará Kétu ni.

“Ẹ̀kọ ni, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dá mi dúró?”

“Ẹ ti múra sílẹ̀ púpọ̀ jù. N ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ yín.”

Ẹ̀kọ wọn rọ̀ ju tiwa lọ, ẹja díndín àti ata tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá náà bi mí ibi tí mò ń lọ. Mo ní mò ń lọ wo bàbá kan tó ń ta gìtá. Ó bi mí pé ṣé ìbátan mi ni. Mo ní rárá. Ó tún fi ẹja kan kún un fún mi, ó dà bíi pé àánú mi ló ṣe é.

Lomé

Nínú ọkọ̀, orin Kwamina ni mo ń fi fóònù gbọ́, ọ̀kan ṣoṣo yẹn, léraléra. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ṣáájú ìgbà náà, n kò lóye ohun tí Màmá ń rí nínú jáàsì. Létí mi, ó dà bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tí nǹkan pọ̀ sí. Màmá máa ń sọ pé, “Ìwọ ń dúró de ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Tẹ̀ lé e.”

Mo tẹ̀ lé e láàárín Kútọnu sí Lomé, òkun wà lápá òsì mi, ó sì yé mi díẹ̀. Bí àlejò bá fẹ́ lọ láti Màpó sí Òjé, títì ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn á gba ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan, á gba àárín agbo ilé, á kí ìyá arúgbó kan, á tún padà sẹ́yìn díẹ̀ nítorí ajá, ìwọ tó ń tẹ̀ lé e á ti máa rò pé ó ti sọnù. Àfi bó ṣe máa yọ sí Òjé lójijì, tí kò tilẹ̀ làágùn. Onígìtá jáàsì kọ́kọ́ máa ń fi títì hàn ọ́, orin tó rọrùn tí o lè fẹnu kọ. Lẹ́yìn náà á wọ ẹ̀yìnkùlé. Ìgbádùn rẹ̀ ni pé o mọ ibi tó ń lọ, o kò mọ ibi tó máa gbà. N kò sọ pé báyìí ló rí fún gbogbo ènìyàn. Báyìí ló rí fún èmi, nínú ọkọ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ìkànpákó mẹ́ta náà kò sọ ohun kankan fún mi. Okùn tó já lè bí i. Baba ńlá náà lè bí i. Létí, ìró kan náà ni.

Ní Lomé, wọ́n ní fùfú ni oúnjẹ alẹ́. Obìnrin méjì dúró ti odó, wọ́n ń gún un lákọlábo, èmi sì ń ka ìró ọmọrí odó bóyá yóò jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo rí i pé iyán ni. Mo sọ fún ọkùnrin tó jókòó tì mí pé iyán ni èyí. Ó ní fùfú ni. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe fùfú. Ó rò ó wò, ó ní a jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa, a ti ń ṣe é bí kò ṣe yẹ láti ọjọ́ pípẹ́. A jẹun tán, a kí ara wa dáadáa, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì yí èrò rẹ̀ padà.

Omi Àǹtí Efua

Ilé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Efua ni mo dé sí ní Àkírà. Ó máa ń gba àlejò sílé. Ó ní kí n jókòó, ó gbé omi fún mi. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo dìde láti gbé ẹrù mi wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó,” ó ní. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyẹn. “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ bá wá?”

Mo ní mo wá gbọ́ jáàsì.

“Ẹ jọ̀ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Àṣà wọn ni. Àlejò á mu omi, lẹ́yìn náà á ro ẹjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Fún ẹni bíi tèmi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé ibi tí okùn ti já, ó ní kí n dúró, ó lọ pe aládùúgbò rẹ̀, ó ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní Àkírà, “ẹ jọ̀ọ́” ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọmọ jẹ́jẹ́ ní Kúdẹtì, mo dà bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Síbẹ̀, ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé n kì í pariwo. Aládùúgbò náà bi Àǹtí Efua níṣojú mi bóyá ó dá a lójú pé ará Nàìjíríà ni mí, àbí ara mi ni kò yá.

Láàárọ̀, wọ́n fún mi ní wáákyé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n kó tàlíyà, ìyẹn sìpàgẹ́tì, lé e, wọ́n kó gaàrí lé e, wọ́n fi ẹyin lé e, wọ́n fi ẹja tì í, wọ́n da ata dúdú kan sórí rẹ̀, wọ́n wá fi ewé di gbogbo rẹ̀. Ó jọ ẹrù ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Mo jẹ ẹ́ tán, n kò sì mọ ohun tí mo máa yọ kúrò nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ní kí n yọ ọ̀kan.

Àǹtí Efua mọ Kwamina. Ó ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń ta gìtá nínú ọgbà kan tí kò jìnnà sí òkun. Ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀: bí ẹnì kan nínú àwọn olórin bá ti dá tirẹ̀ ta tán, kí n pàtẹ́wọ́, bí orin ò tilẹ̀ tíì parí. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Kúdẹtì, a kì í pàtẹ́wọ́ títí wọ́n á fi ṣe Àmín. Ohun tó kó mi sí ìyọnu nìyẹn.

Ilẹ̀ ọgbà

Mo jókòó síwájú pátápátá, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo fẹ́ wò. Mo fẹ́ rí ìka tó fi ń kan pákó. Màmá ní ìka àárín ni àwọn fi kọ́ ọ.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà etí gbòòrò jáde, gìtá rẹ̀ pupa bí epo. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwa tó wá, kò sọ ẹni tó bí wa. Nílé, olórin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á rò pé inú ń bí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀. Orin yẹn gan-an ni, mo sì ti fetí sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìgbà tó kúrò lórí títì. Mo tẹ̀ lé e wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó ń ta á bí ẹni tó ń ronú sókè, nígbà mìíràn ó máa ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé kò gba ara rẹ̀ gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Irú ènìyàn tí mo lè bá ṣọ̀rẹ́ ni.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé orin ti parí. Kò tíì parí. Onílù lu tirẹ̀, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Kò tíì parí. N kò mọ òpin mọ́. Lẹ́yìn náà gìtá dákẹ́ lójijì. Bàbá arúgbó náà wà níwájú mi gan-an, irun funfun ń yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀. N kò ronú rárá. Ara mi ló ṣe é. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín tábìlì méjì.

Àkókò yẹn gan-an ni ìkànpákó mẹ́ta.

Mo gbọ́ kó, kó, kó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mò ń wò. N kò tilẹ̀ lè búra pé gìtá ló dún: iwájú orí mi kanlẹ̀, orúnkún mi méjèèjì náà kanlẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ mẹ́ta.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún un, kó rí afẹ́fẹ́!” ẹnì kan kígbe. Ẹlòmíràn da omi tútù sí mi lọ́rùn. Ọkùnrin méjì gbé mi jókòó, wọ́n bi mí iye ìka tí mò ń rí. Orin kò dúró. Àǹtí Efua tẹ̀ sí etí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló jábọ́ lọ́wọ́ yín?”

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, wọ́n mú mi lọ bá a. Ó jókòó nídìí tábìlì kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin rẹ̀ yí i ká. Mo gbé àádùn fún un. Ó tú ewé náà, ó wò ó, ó sì tètè dì í padà. Ẹni tí kò bá mọ ohun kan kì í tètè dì í padà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó láti gbé lọ fún Dádì Èkó. Mo ní Màmá Tíṣà ti Kúdẹtì ló ní kí n kí i, àwọn tó kọ́ ọ ní gìtá.

Àwọn ọ̀dọ́ náà yíjú sí i.

“Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi,” ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì. “Ojú àlá ni gìtá ti wá bá mi.”

“Mmm,” ni gbogbo wọn wí, bíi pé wọ́n ti jẹ nǹkan dídùn. Ó rọra ki àádùn náà bọ inú àpò kóòtù rẹ̀.

Mo pe Màmá.

“Ojú àlá?” ni wọ́n wí. “Ojú àlá tó ń wá sí pálọ̀ mi tó ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ẹní mi? Ṣé o rí ìka ẹ̀?”

“Mi ò rí i, mà. Mo dọ̀bálẹ̀ ni.”

“Mo ní kó o má dọ̀bálẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó o bá ti wà níwájú ẹ̀, pè mí. Pè mí lórí èyí tí wọ́n fi ń rí ojú.”

Ìgbọ̀nwọ́

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Nínú ọkàn mi, mo ti ń kó aṣọ Màmá sínú báàgì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé Kúdẹtì láìsí Màmá, n kò mọ ohun tí yóò jẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, mo dúró títí wọ́n fi ṣíwọ́ láti sinmi, mo lọ sídìí tábìlì náà, mo tẹ fóònù. Dádì Èkó ló di ti Màmá mú ní Kúdẹtì. Iwájú orí Màmá nìkan ló kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn wọn, mo rí báàgì náà lẹ́nu ọ̀nà.

“Níbo ló wà?” Màmá wí. “Kwamina!”

Mo yí fóònù sí ọkùnrin náà, mo sì wò ó dáadáa. Mo ti pinnu pé n kò ní ṣẹ́jú.

“Ìgbọ̀nwọ́!” Màmá wí.

Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ló gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà. Bí wọ́n ṣe ń mú wa jókòó sídìí oúnjẹ ní Kúdẹtì nìyẹn, n kò sì rí ẹlòmíràn tó ń jókòó bẹ́ẹ̀ rí níta ilé wa.

“Ẹ ṣì wà láyé, mà?” Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá Àrẹ̀mọ ponbele. “Wọ́n ní ẹ ti kú.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo wà nínú pálọ̀ náà. Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Èkó ni, wọ́n ní orí mi ti ń dàrú. Ta ló kọ́ ẹ ní gìtá?”

Ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn kò gbọ́ Yorùbá.

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ẹni tó di fóònù mú ò gbọ́.”

“Ẹ̀yin ni, mà!”

“Kí lo ṣe ń kan pákó?”

“Okùn ló já, mà.”

Ọmọbìnrin kan bi í ohun tí ìyá náà ń sọ. Ó ní, ní Gẹ̀ẹ́sì, láìṣẹ́jú, “Ìyá kan ní Nàìjíríà ni. Wọ́n fẹ́ràn orin mi gan-an, pàápàá ìlẹ̀kùn àwọn baba ńlá.”

“Ẹ gbọ́!” Dádì Èkó kígbe láti Kúdẹtì. “Ẹ gbọ́ ohun tó sọ báyìí!”

“Di fóònù mú dáadáa,” Màmá wí fún wọn. “Kwamina, okùn mélòó ló wà lórí gìtá ẹ?”

“Mẹ́fà, mà.”

“Gbogbo ẹ̀ pé?”

“Ó pé, mà.”

“Kí lo wá ń kan pákó fún? Láti ọjọ́ yẹn, o ò tíì rí okùn rà?”

Fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń yí i kiri.

“Àádùn ńkọ́?”

“Mo ti jẹ ẹ́ tán, mà. Ó kéré.”

“Kò kéré nígbà tí mo dì í,” Màmá wí, fóònù sì kú. Mo gbà pé àtàǹpàkò Dádì Èkó ló pa á.

Kwamina àti àwọn olórin yòókù padà sórí àga wọn. Ní ìgbà yìí, mo di etí tábìlì mú kí ara mi má baà tún ṣe ohun tó wù ú, mo sì gbé fóònù sókè láti gba orin náà sílẹ̀. Ó ta títì. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé. Gìtá dákẹ́. Ó gbé ìka sókè lórí pákó, ìka àárín ni, mo rí i. Ìka náà dúró níbẹ̀, kò kan nǹkan kan. Onílù gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ìka náà sọ̀kalẹ̀ sórí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó sì ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ohùn mẹ́ta péré ni, wọ́n sì rọrùn. Ọmọdé tó ń kọ́ gìtá lè ta wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti ń wá kiri ní ẹ̀yìnkùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ orin, ibẹ̀ ló wà. Mo ti gbọ́ orin náà ju bí mo ṣe lè kà lọ, n kò sì mọ̀ pé ohun kan kù nínú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” Àǹtí Efua wí lẹ́yìn mi, “ó gbàgbé láti kàn án.”

Báàgì

Gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń padà bọ̀ ni mo gbójú fò, àfi ìyá ará Kétu ní Kútọnu. Ó bi mí bóyá mo rí bàbá onígìtá náà. Mo ní mo rí i. Ó ní ṣé inú mi dùn. Mo ní n kò tíì lè sọ. Ó tún fún mi ní ẹja.

Dádì Èkó wà ní Kúdẹtì nígbà tí mo dé. Ọ̀rọ̀ wọn ti wà lẹ́nu.

“Màmá, ọkùnrin yẹn sọ méjì. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, ó tún sọ fún wọn pé ẹ kàn fẹ́ràn orin òun ni. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì.”

“Èwo ló sọ fún mi?” Màmá bi wọ́n.

Dádì Èkó bojú wò mí pé kí n gba tiwọn. Mo ní ohun tí mo rí ni pé ó gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbé ìgbọ̀nwọ́ parọ́. Wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́ kì í ṣe ẹnu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wá tẹ orin tí mo gbà sílẹ̀ náà.

Màmá di ojú. Ọwọ́ wọn wà lórí apá àga. Nígbà tí gìtá dákẹ́, mo rí i tí ìka àárín wọn gbéra sókè, ó fẹ́ kan pákó àga. Ohùn mẹ́ta náà dún. Ìka náà kò kan nǹkan kan.

“Ó ti rí okùn rà,” wọ́n wí.

Dádì Èkó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lọ gbé báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà, ni Màmá bá ní kò dáa kí ọmọ ẹni ti Ìbàdàn padà sí Èkó lọ́wọ́ òfo, kí n lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

N kò mọ ohun tí Dádì Èkó sọ fún ìyàwó wọn nígbà tí wọ́n délé. N kò mọ̀ bóyá Kwamina ti padà sí ìlẹ̀kùn baba ńlá rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo gbé báàgì ńlá náà dé bùútù mọ́tò, ó wúwo débi pé mo dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan. Mo sì wo inú rẹ̀ kí n tó fa sípù rẹ̀. Iṣu ló kún un dé ẹnu. Kò sí aṣọ Màmá kankan níbẹ̀.